Ta Ni Lárúbáwá? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ìtàn, Ẹ̀sìn àti Àwùjọ Wọn

Ìbéèrè táwọn èèyàn ń béèrè jù lọ nípa Lárúbáwá la kó jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀, a ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Ibi tí kò bá gbà ju gbólóhùn mélòó kan, a ó tètè kọjá.

Ta gan-an là ń pè ní Lárúbáwá?

Ẹni tí èdè Lárúbáwá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, tó sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń dáhùn lónìí nìyẹn. Láyé àtijọ́, ìran ni wọ́n ń kà: ta ni bàbá rẹ, ta ló bí bàbá rẹ, títí wọn á fi kan Adnan, ẹni táwọn ará àríwá ń pè ní baba ńlá wọn, tàbí Qahtan, baba ńlá àwọn ará Yẹ́mẹ̀n. Àwọn ìdílé kan ní Sáúdì, Yẹ́mẹ̀n àti Jọ́dánì ṣì ń ka ìran wọn lórí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Cairo tàbí ọmọ Tunis, ó ṣeé ṣe kó máà mọ̀ ju ìran mẹ́rin márùn-ún lọ. Baba ńlá rẹ̀ lè jẹ́ ará Íjíbítì ayé Fáráò, tàbí Amazigh Àríwá Áfíríkà tí ìdílé rẹ̀ gba èdè náà lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé. Lárúbáwá ni òun náà.

Ṣé Mùsùlùmí àti Lárúbáwá kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá o. Nínú Mùsùlùmí márùn-ún láyé, bí ẹnì kan ló jẹ́ Lárúbáwá. Indonéṣíà àti Pákísítánì ló ní Mùsùlùmí jù lọ, kò sì sí èyí tó jẹ́ ilẹ̀ Lárúbáwá nínú méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà, kì í ṣe gbogbo Lárúbáwá ni Mùsùlùmí. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì wà láàárín wọn láti ìgbà tí Ìsìláàmù kò tíì sí: Maronite ní Lẹ́bánónì, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Síríà, Jọ́dánì àti Palẹstínì, títí kan Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn Copt, Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Íjíbítì, ń sọ èdè Lárúbáwá lójoojúmọ́, àmọ́ àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ ká pè wọ́n ní Lárúbáwá, torí wọ́n ní àwọn ti wà nílẹ̀ kí Lárúbáwá tó wọlé. "Allah" ló wà nínú Bíbélì èdè Lárúbáwá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì yìí sì ń sọ "in shaa Allah" bí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó wá pè é ní Mùsùlùmí lójú ẹsẹ̀ lè ṣi ìwà hù.

Ní Lẹ́bánónì, ìjọba gba ẹ̀yà ẹ̀sìn 18. Àdéhùn ọdún 1943 sọ pé Maronite ni yóò máa jẹ ààrẹ, Mùsùlùmí Sunni ni olórí ìjọba, Shia ni olórí ilé aṣòfin. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àdéhùn Taif ọdún 1989 pín ìjókòó ilé aṣòfin sí méjì ọgbọọgba láàárín Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. 128 ni ìjókòó náà lónìí. Júù tó ń sọ èdè Lárúbáwá náà pọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Ìráàkì, Yẹ́mẹ̀n àti Mòrókò. Púpọ̀ jù nínú wọn ti kó lọ láti ọdún 1948.

Ará Tọ́kì àti ará Ìránì ńkọ́?

Wọn kì í ṣe Lárúbáwá. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé Ìránì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Páṣíà, wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin kún un fún ìró tí Lárúbáwá kò ní. Tọ́kì pẹ̀lú lo lẹ́tà yẹn títí di 1928. Àwọn àáfà tiwa náà ti fi í kọ Yorùbá rí, kò sì sọ wá di Lárúbáwá. Ẹ má pe ará Ìránì ní Lárúbáwá lójú rẹ̀. Kò ní dùn mọ́ ọn nínú. Àwọn Kurd ní Ìráàkì àti Síríà náà jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀.

Orílẹ̀-èdè mélòó ló jẹ́ ti Lárúbáwá?

Àjọṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cairo ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1945, ní ọmọ ẹgbẹ́ 22. Mẹ́wàá nínú wọn wà ní Áfíríkà: Mòrítáníà, Mòrókò, Àlìjíríà, Tùnísíà, Líbíyà, Íjíbítì, Súdàn, Djibouti, Sòmálíà àti erékùṣù Comoros. Ṣùgbọ́n èdè Sòmálì ni ará Sòmálíà ń sọ nílé, Comoros náà ní èdè tirẹ̀. Ẹ̀sìn, òwò àti ìṣèlú ló mú wọn wọ ẹgbẹ́. Ní òdìkejì, Lárúbáwá tó ń da màlúù pọ̀ ní Chad, orílẹ̀-èdè náà kò sì sí nínú ẹgbẹ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe kí Ìsìláàmù tó dé?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ilé kéwú máa ń pe gbogbo àkókò yẹn ní ayé àìmọ̀kan, wọ́n á sì fò ó kọjá. Ìtàn tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fò.

Orúkọ wọn kọ́kọ́ jáde nínú àkọsílẹ̀ Shalmaneser Kẹta, ọba Asíríà, lórí ogun Qarqar ní ọdún 853 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní Gindibu, ará Lárúbáwá, kó ràkúnmí 1,000 wá sójú ogun. Ràkúnmí ló ṣí aṣálẹ̀ fún wọn. Ẹranko yìí lè mu omi tó lé ní 100 lítà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìtún fi ẹnu kan omi. Ọ̀rá ló wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe omi bí wọ́n ṣe máa ń sọ.

Ọjà tó lówó lórí jù tí wọ́n ń gbé ni tùràrí. Igi rẹ̀ ń hù ní Dhofar ní Ómáànì, ní Hadramawt ní Yẹ́mẹ̀n, àti lódìkejì òkun ní Sòmálíà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ṣá èèpo rẹ̀, oje funfun á sun jáde, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó lè le, wọ́n á wá ha á kúrò. Oje àkọ́kọ́ kì í dára. Ti ìgbà kejì àti ìkẹta ló ń pa owó wọlé. Bí wọ́n bá ń ṣá igi kan láìjẹ́ kó sinmi, èso rẹ̀ kì í hù dáadáa mọ́, igi náà á sì kú. Láti gúúsù yìí ni ọ̀wọ́ ràkúnmí ti ń gba Marib àti Najran gòkè, títí dé Gaza létí òkun, níbi táwọn oníṣòwò Róòmù ti ń rà á fún ìrúbọ àti ìsìnkú. Àwọn Nabataea tó kọ́ Petra sínú àpáta ní Jọ́dánì là nínú owó ibodè òpópónà yìí; Róòmù gba ilẹ̀ wọn ní ọdún 106.

Ní Marib, ìjọba Saba, tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní Ṣeba, kọ́ ìsédò kan tó gùn tó nǹkan bí 600 mítà. Kì í ṣe adágún ni wọ́n fi ṣe. Ẹ̀kún omi òjò ni ó ń dá dúró, kó lè ga tó láti ṣàn wọ ẹnu ọ̀nà méjì tó lọ sí oko. Ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ ti wá: ẹrẹ̀ tí omi ń gbé wá ń ga sí i lọ́dọọdún, oko àti ìsàlẹ̀ odò ń ga, àwọn náà sì ní láti máa gbé ògiri ga. Bí ìjọba bá ti rọ tí kò sí ẹni tó lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ jọ, ìsédò á ya. Abraha, aláṣẹ ọmọ Etiópíà, kọ ọ́ sára òkúta pé òun tún un ṣe ní ọdún 548. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ya pátápátá, Àlùkùránì pẹ̀lú sì mẹ́nu kan ìkún omi náà.

Àwọn ọba Himyar ní Yẹ́mẹ̀n fi òrìṣà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 380, wọ́n tọ ẹ̀sìn Júù. Ní 523, ọ̀kan nínú wọn, Dhu Nuwas, pa Kìrìsìtẹ́nì púpọ̀ ní Najran, ọba Aksum sì rán ogun láti Etiópíà wá gba ilẹ̀ náà. Lápá àríwá, ìdílé Ghassan jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n ń ṣọ́ ibodè fún Róòmù ìlà oòrùn. Ìdílé Lakhm ní al-Hira ń ṣọ́ ọ fún Páṣíà. Nítorí náà, kò sí òótọ́ nínú pé Lárúbáwá kò rí ẹ̀sìn Ọlọ́run kan rí kí Ànábì Muhammad tó dé.

Kí ni àwọn tó kù wá ń bọ?

Ní Mẹ́kà, Hubal ni òrìṣà ńlá inú Kábà. Wọ́n ń bọ al-Lat ní Taif, al-Uzza ní Nakhla, àti Manat ní ọ̀nà Màdínà. Wọ́n mọ Allah pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn wọ̀nyí ń ṣe alágbàwí. Oṣù mẹ́rin wà tí a kò gbọdọ̀ jagun nínú wọn, kí èèyàn lè rìnrìn àjò àti kí ó lè ná ọjà láìsí ìbẹ̀rù: Muharram, Rajab, Dhul-Qa'da àti Dhul-Hijja. Ọjà Ukaz nítòsí Taif wà lára ibi tí wọ́n ń péjọ sí, àwọn akéwì á sì figẹ̀ wọngẹ̀ níbẹ̀. Kábà tí wọ́n ń yí po nígbà náà ni wọ́n ń yí po lónìí. Òrìṣà inú rẹ̀ ni wọ́n kó jáde ní ọdún 630. Ìdílé Banu Shayba ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ìgbà yẹn títí di àkókò yìí.

Ṣé idà ni wọ́n fi tan ẹ̀sìn kálẹ̀?

Idà ni wọ́n fi gba ilẹ̀. Ogun Yarmuk ní 636 já Síríà gbà lọ́wọ́ Róòmù. Láàárín 639 sí 642, Íjíbítì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní 711 wọ́n wọ Sípéènì. Ṣùgbọ́n gbígba ilẹ̀ ọ̀tọ̀, gbígba ẹ̀sìn ọ̀tọ̀. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan kí Mùsùlùmí tó pọ̀ ju Kìrìsìtẹ́nì lọ ní Íjíbítì. Owó wà nínú rẹ̀: ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń san jizya, ìyẹn owó orí, bó bá gba ẹ̀sìn, owó yẹn á dín. Àwọn gómìnà kan lábẹ́ ìdílé Umayyad, tó ń jọba nígbà náà, tilẹ̀ ń gba jizya lọ́wọ́ ẹni tó ti gba ẹ̀sìn tuntun, kí àpótí ìjọba má bàa gbẹ. Umar Kejì, tó jọba láti 717 sí 720, ló fòpin sí i.

Èdè ló gba ìjọba kí ẹ̀sìn tó gba ọpọ́n. Abd al-Malik, ọba Umayyad ní Damásíkù, pàṣẹ pé kí wọ́n yí ìwé owó orí kúrò ní èdè Gíríìkì àti Páṣíà sí èdè Lárúbáwá. Akọ̀wé tó bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́ ọ tipátipá. Ní nǹkan bí 697 ó rọ owó wúrà tí kò ní àwòrán ọba kankan, ọ̀rọ̀ Àlùkùránì ló wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n dínárì kan jẹ́ gíráàmù 4.25. Àwọn tó ń ṣírò sàká ní ilẹ̀ Yorùbá ń lo ìwọ̀n yìí títí dòní: 20 dínárì ni gbèdéke wúrà, 20 lọ́nà 4.25 sì ni gíráàmù 85 táwọn àáfà ń kéde.

Lẹ́yìn Umayyad (661 sí 750) ni Abbasid, tó tẹ Baghdad dó ní 762, tí àwọn Mongol sì fọ́ ọ ní 1258. Àwọn Tọ́kì Ottoman gba Síríà àti Íjíbítì ní 1516 sí 1517, wọ́n sì di ibẹ̀ mú pẹ́. Ààlà orílẹ̀-èdè tí ẹ rí lórí máàpù lónìí, iṣẹ́ Ìlú Ọba àti Faransé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé Baghdad: ìwé wọn jẹ́ ti èdè Lárúbáwá, ìran wọn kò fi gbogbo ara jẹ́ bẹ́ẹ̀. Al-Kindi àti Ibn al-Haytham jẹ́ Lárúbáwá. Ibn Sina jẹ́ ará Páṣíà, Sibawayh tó fi gírámà èdè Lárúbáwá lélẹ̀ náà jẹ́ ará Páṣíà. Nọ́ńbà 1, 2, 3 tí a ń pè ní ti Lárúbáwá, Íńdíà ni wọ́n ti gbé e wá.

Sunni àti Shia: kí ló pín wọn níyà?

Ta ni yóò rọ́pò Ànábì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 632. Shia ní Ali, àna àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló tọ́ sí. Ohun tó sọ ìyàtọ̀ náà di egbò ni pípa tí àwọn ọmọ ogun Umayyad pa Husayn ọmọ Ali ní Karbala ní Ìráàkì, ọjọ́ 10 Muharram ọdún 61 Híjírà, ìyẹn kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí, tó jẹ́ oṣù Kẹwàá ọdún 680. Kì í ṣe ìjà Lárúbáwá àti Páṣíà bí àwọn kan ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Lárúbáwá ni àwọn Shia àkọ́kọ́, Ìránì kò sì di ilẹ̀ Shia títí ìdílé Safavid fi gorí oyè ní 1501. Shia ló pọ̀ jù ní Ìráàkì àti Bahrain. Zaydi, ẹ̀ka Shia kan, wà ní Yẹ́mẹ̀n. Ómáànì ní Ibadi, tí kì í ṣe Sunni, tí kì í sì í ṣe Shia.

Ṣé agboolé àti ìran ṣì ní agbára láwùjọ wọn?

Ó ní, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Cairo tàbí Beirut, ó ti rọ̀. Ní Yẹ́mẹ̀n, Jọ́dánì àti ìgbèríko Ìráàkì, bí èèyàn bá pa èèyàn, àwọn àgbà máa ń débẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó dé.

Bó ṣe ń lọ ní Jọ́dánì nìyí. Ìdílé ẹni tó pààyàn á tètè rán àwọn gbajúmọ̀ lọ tọrọ atwa, ìyẹn ìdáwọ́dúró ẹ̀san. Èyí àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta ọjọ́ kan. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú, tí wọ́n sì ń kó àwọn ẹbí apààyàn kúrò ládùúgbò kí wọ́n má bàa pàdé. Wọ́n á tún tọrọ èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkàn bá ti rọ̀, jaha á lọ: ogunlọ́gọ̀ àgbà, olórí wọn níwájú. Wọ́n á gbé kọfí fún olórí náà, á gbé e kalẹ̀ láìmu ún, á sọ ohun tó bá wá. Bí onílé bá ní "mu kọfí rẹ", ó ti gbà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí kọfí tutù síwájú olórí jaha, nítorí náà àárín ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kó jaha lọ láìtíì parí tẹ̀yìn ń fa ìtìjú lé ìlú méjì lórí.

Owó ẹ̀jẹ̀, diya, jẹ́ 100 ràkúnmí nínú òfin Ìsìláàmù fún ẹni tí wọ́n ṣèèṣì pa. Gbogbo ẹbí lọ́kùnrin ló ń dá a, kì í ṣe ẹni tó pààyàn nìkan. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni, tí ẹbí òkú gbà láti gba owó, orí rẹ̀ nìkan ni owó náà wà.

Báwo ni mo ṣe lè ka orúkọ wọn?

Ẹ wo orúkọ òpìtàn ńlá tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, tó kú sí Cairo ní 1406: Abu Zayd Abd al-Rahman ibn Muhammad ibn Khaldun al-Hadrami. Abu Zayd, "Bàbá Zayd", ni orúkọ àpọ́nlé, bí a ṣe ń pe èèyàn ní Bàbá Táyé. Abd al-Rahman ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ibn Muhammad, ọmọ Muhammad. Ibn Khaldun tọ́ka sí baba ńlá kan. Al-Hadrami sọ pé ìdílé wọn wá láti Hadramawt, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò gbé ibẹ̀ rí.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èkíní ni kíkọ "Abdul" nìkan sínú fọ́ọ̀mù bí orúkọ. Ìlàjì ọ̀rọ̀ ni, "ìránṣẹ́" láìsọ ti ta ni. Odindi Abd al-Hamid, tó di Làmídì lẹ́nu wa, tàbí Abd al-Aziz, tó di Lásísì, ni orúkọ. Èkejì, obìnrin Lárúbáwá kì í fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ gba ti ọkọ lórí ìwé. Bí orúkọ tọkọtaya kò bá bára mu nínú ìwé ìrìnnà, kò túmọ̀ sí pé wọn kò ṣègbéyàwó.

Mo gbọ́ kéwú dáadáa. Ṣé n óò gbọ́ èdè wọn ní ọjà Cairo?

Wọ́n á gbọ́ ẹ. Ìwọ lè má gbọ́ wọn. Èdè ìwé, fus-ha, ni a ń kọ́ nílé kéwú. Òun ni ti Àlùkùránì, ìwé ìròyìn àti ìwàásù. Kò sẹ́ni tó fi í bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan péré, "nísinsìnyí": al-an ni nínú ìwé, dilwa'ti ní Cairo, halla' ní Beirut àti Damásíkù, al-hin ní Kuwait àti Sáúdì, daba ní Mòrókò. Ará Mòrókò gan-an máa ń yí ohùn padà bó bá ń bá ará Ìráàkì sọ̀rọ̀. Tó o bá ti mọ gírámà, èdè Cairo ni kó o kọ́kọ́ kọ́, torí fíìmù Íjíbítì ti jẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n létí. Àfi tó o bá ti mọ ìlú tó o ń lọ. Wọn kò ní ìró "p". Bẹbsi ni wọ́n á bá ẹ ta.

Báwo la ṣe ń yí ọdún Híjírà sí ọdún Kristi?

Ẹ má kàn fi 622 kún un. Ọdún Híjírà jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí tòòrùn, nítorí náà àlàfo ń dín lọ́dọọdún. Ìlànà tó dára ni: ọdún Híjírà lọ́nà 0.9702, kí a fi 621.57 kún un. Ohun tó bá jáde ni ìgbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹ̀.

Ọdún 656, tí Baghdad ṣubú: 636.45 àti 621.57 jẹ́ 1258.02, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1258. Ẹni tó bá kàn fi 622 kún un á gba 1278, ogún ọdún ló fi ṣìnà. Ẹ tún wo ìdìtẹ̀ àwọn Ìmàle, tí Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá, pọ̀ jù nínú wọn, ní Bahia ní Brazil: Ramadan ọdún 1250 ló bọ́ sí. Ìṣirò fún wa ní 1834.32, ìyẹn àárín ọdún tó sún mọ́ oṣù Karùn-ún. Ramadan ni oṣù kẹsàn-án, oṣù mẹ́jọ ti kọjá kó tó dé, a sì ti wọ oṣù Kìíní 1835. Ọjọ́ 25 oṣù náà ni wọ́n dìde lóòótọ́, àwọn ọlọ́pàá sì gba tírà àti ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi oṣù kún un á sọ pé 1834 ni.

Bí mo bá lọ kí wọn nílé, kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ní ilẹ̀ Sáúdì, Kuwait àti agbègbè wọn, kọfí ló ń ṣáájú. Kì í dúdú: wọn kì í yan án pọ̀, wọ́n sì ń fi hayl (cardamom) olóòórùn dídùn sè é, láìsí ṣúgà, dàbínù ni ẹ ó fi mu ún. Ẹni tó ń bù ú á fi ọwọ́ òsì di ìkòkò dalla mú, á fi ọ̀tún na ife kékeré sí yín. Ìsàlẹ̀ ife nìkan ló ń bù sí. Bó bá kún, bíi pé ó ní kí ẹ tètè mu ún kí ẹ máa lọ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á. Bí ẹ kò bá mi ife náà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, á máa bù sí i títí ni. Ife mẹ́ta tó.

Má fi àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ bàtà kọjú sí ẹnikẹ́ni. Má bi ọkùnrin léèrè ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ. "Báwo ni ará ilé" ti tó. Kí obìnrin kọ́kọ́ na ọwọ́ kí ọkùnrin tó bọ̀ ọ́. Ní Beirut, ẹ lè fọ́ gbogbo òfin ìpínrọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni má kà á sí.

Ìgbéyàwó wọn ńkọ́?

Alágbàtọ́ ọmọbìnrin, ẹlẹ́rìí méjì, àti sàdáákì, ìyẹn owó tí ọkọ ń san. Ti ìyàwó ni sàdáákì, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ní Íjíbítì, Jọ́dánì àti Síríà, wọ́n ń pín in sí méjì: èyí tí wọ́n ń san lójú ẹsẹ̀, àti èyí tí wọ́n sún síwájú di ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ikú. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ti ń kó sí wàhálà: á kọ iye ńlá torí kò ní san án lónìí. Gbèsè ni, bó bá kú, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ogún kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan. Fífẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni, tó jẹ́ èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Tùnísíà fòfin de ìyàwó púpọ̀ ní 1956. Lẹ́bánónì kò ní ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, àwọn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ síra máa ń wọkọ̀ òfurufú lọ ṣe é ní Cyprus.

Lárúbáwá dúdú wà àbí kò sí?

Wọ́n pọ̀, ní Súdàn, Mòrítáníà, Yẹ́mẹ̀n àti gúúsù Ìráàkì. Antara, akéwì àti jagunjagun ayé ṣáájú Ìsìláàmù, ẹrú ọmọ Etiópíà ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò ẹrú wà nínú ìtàn náà, kò sì dára ká bò ó. Àwọn ẹrú dúdú tó ń ha iyọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ nítòsí Basra dìde ogun sí Abbasid láti 869 sí 883. Sáúdì àti Yẹ́mẹ̀n kò fòpin sí ẹrú níní títí di 1962, Ómáànì di 1970, Mòrítáníà di 1981. Àwọn kan ṣì ń fi "abd", ẹrú, bú èèyàn dúdú lójú títì.

Lárúbáwá wà ní Nàìjíríà bí?

Àwọn Shuwa ní Borno, tó ń da màlúù, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, èdè Lárúbáwá sì ni wọ́n ń sọ nílé. Ní ti ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe Lárúbáwá ló gbé Ìsìláàmù wá. Àwọn oníṣòwò àti àáfà ilẹ̀ Mali àti Songhay ni, àwọn Hausa, Fúlàní àti Kànúrí sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn Lárúbáwá tí Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ jù ni àwọn tí a ń pè ní Kóráà, ará Lẹ́bánónì àti Síríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Maronite láti abúlé bíi Miziara, àwọn mìíràn jẹ́ Shia láti gúúsù Lẹ́bánónì. Ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá ìgbàlódé, ọmọ wa ló mú un gbilẹ̀: Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó kó o lọ sí Agége ní 1955.

Ọjọ́ wo ni ọ́fíìsì wọn kì í ṣiṣẹ́?

Jímọ̀ àti Sátidé ní Sáúdì (láti 2013, Alámíìsì àti Jímọ̀ ni tẹ́lẹ̀), Íjíbítì, Jọ́dánì àti Kuwait. Sátidé àti Sọ́ńdè ní Mòrókò, Tùnísíà àti Lẹ́bánónì. Láti 2022, Dubai àti Abu Dhabi ń gba Sátidé àti Sọ́ńdè, ìjọba sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ní Jímọ̀. Ẹni tó bá fi lẹ́tà iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Riyadh láago mẹ́ta ọ̀sán Alámíìsì, Sọ́ńdè ni kó máa retí èsì.